Ta Ni Eyínfúnjowó Òkè Àtùpà?

Leeds, Ìlú Ọba
Ọjọ́ kejì, oṣù kejì, 2025

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ọyẹ́ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù tó wà níbí lè fi ọyẹ́ tiyín ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti rọlẹ̀? Ẹ ní kí n má fi fóònù bá yín sọ ọ̀rọ̀ tó bá gùn mọ́, pé etí yín kì í gbọ́ ọ dáadáa, àti pé gbogbo agbo ilé ló máa ń bá wa dá sí i. Ìyẹn ni mo fi jókòó kọ èyí. Ẹ fẹ ojú fóònù yín kí lẹ́tà náà lè tóbi kí ẹ tó kà á.

Iṣẹ́ ń lọ. Wọ́n ti gbé mi sí iṣẹ́ ọ̀sán nílé tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, mo sì ń ráyè sinmi. Ohun tí mo fi ń sinmi ni ẹ ò ní fẹ́ gbọ́: géèmù ni. Kì í ṣe tuntun, àwọn ti àtijọ́ ni, tí wọ́n ń ki káséètì bọ ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ tẹlifíṣàn. Àwa tí a fẹ́ràn wọn pọ̀, a máa ń pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé rèé. Géèmù kan wà láyé ijọ́un tí orúkọ rẹ̀ lédè wa máa jẹ́ Òkè Àtùpà. Ọkùnrin kan ló ń gun òkè nínú òkùnkùn, tó ń tan àtùpà ojúlé kọ̀ọ̀kan títí tó fi dé ṣóńṣó. Inú àwọn ẹ̀rọ ńlá tó máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí èèyàn ń ju owó ẹyọ sí, nìkan ni wọ́n ti ń gbá a. Iléeṣẹ́ kékeré kan ní Sheffield tún un kọ, wọ́n tún gbogbo àwòrán inú ẹ̀ yà, kó lè wọ káséètì, kí àwọn èèyàn lè máa gbá a nílé. Wọ́n kọ ọ́ tán o, iléeṣẹ́ bá kógbá wọlé lọ́dún 1998, káséètì náà ò sì jáde. Gbogbo wa ti gbà pé ó ti sọnù. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan ra páálí ẹrù àtijọ́ kan, ló bá rí káséètì náà nínú ẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì jẹ́ ká gbá a.

Màámi, mo gbá a dé ìparí. Nígbà tí àtùpà tó gbẹ̀yìn tàn, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ jáde, òun nìkan: EYINFUNJOWO. Kò sí àmì lórí ẹ̀, àmọ́ ojú mi ò lè ṣì í mọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́; ẹnì kan ní èdè Japan ni. Iléeṣẹ́ tó ra ẹ̀tọ́ géèmù náà fẹ́ gbé e jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ. Obìnrin tó ń darí iṣẹ́ ọ̀hún, Bertha, sọ pé bí àwọn ò bá mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn á kọ ọ́ sára páálí pé a kò mọ ẹni tó ṣe é.

Ó ń dùn mí. Ọmọ Yorùbá kan ló dá iṣẹ́ yìí ṣe, wọ́n sì fẹ́ pè é ní ẹni àìmọ̀. Ṣé Eyínfúnjowó jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ? Ṣé ẹ mọ ìdílé tó ń jẹ́ ẹ n'Ìbàdàn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín.

Ọmọ yín,
Olúdayọ̀


Agbo ilé wa, Bẹyẹrúnkà
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 2025

Olúdayọ̀, Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ẹ o. Orí iṣẹ́ á máa gbè ẹ́. Ìwé ni mo fi kọ èyí, mo wá yà á ní fọ́tò, nítorí náà bí o bá rí ibi tí epo kán sí, má bínú, èmi náà ń jẹun.

Mo ka lẹ́tà rẹ dé ibi orúkọ yẹn, mo figbe ta. Àwọn tó wà níta sáré wọlé, wọ́n rò pé mo ṣubú ni.

Ta ló sọ fún ẹ pé orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ ni? Ta ni í bímọ tí ò tíì hu eyín tó máa sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó? Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹnu èmi Àbẹ̀bí yìí lorúkọ náà ti jáde. Àbúrò bàbá rẹ ni, èyí tó kú sí Ìlú Ọba, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Sheffield.

Ọdún 1987 ni wọ́n mú mi wọ ilé yìí. Ọmọdé ni nígbà yẹn, ó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ síléèwé, àmọ́ ọkọ mi ni. Ẹnikẹ́ni tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ ẹ̀ ni, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín, eyín ẹ̀ funfun báláú. Nígbà tí mo wá ń wá orúkọ tí màá máa pe àwọn ọkọ mi, tiẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ó fẹ́ràn ẹ̀ débi pé bí mo bá ní kó bá mi pọnmi, kò ní dáhùn àfi bí mo bá pè é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ìwọ wà lẹ́yìn mi, mo sìn ín dé Bẹẹrẹ níbi tó ti wọkọ̀, orúkọ yẹn ni mo ń pè títí ọkọ̀ fi ṣí.

Mo rò pé ó ti jù ú sí ibi kan nílùú òyìnbó. Àṣé ó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Olúdayọ̀, inú mi dùn, mo sì sunkún.

Kọ̀wé sí Bertha yẹn lónìí olónìí. Má jẹ́ kó kọ ìkọkúkọ sára páálí. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ tó ní Japan ni pé kò gbọ́ Japan, kò sì gbọ́ Yorùbá. Oògùn mi, mo ń lò ó. Ìwọ tí o jókòó ti géèmù, ìyàwó ńkọ́?

Ìyá rẹ,
Àbẹ̀bí


Leeds
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejì, 2025

Màámi,

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mi ò lè jókòó nígbà tí mo ka ìwé yín. Bàbá Sheffield! Èmi tí mo ti ń gbá géèmù láti kékeré, tẹ́ ẹ máa ń lù mí nítorí ẹ̀, mi ò mọ̀ pé ìdílé wa ni ọ̀kan ti jáde.

Mo ti bá Bertha sọ̀rọ̀. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kò ṣeé tàn. Ó ní ìwé iléeṣẹ́ ìgbà yẹn ti bàjẹ́, àwọn méjì tó bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò sì mọ̀ ju pé ọkùnrin dúdú kan wà tí wọ́n ń pè ní Bob, nítorí pé wọn ò lè pe orúkọ ẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un pé ìyàwó ilé ló sọ ọ́ lórúkọ, ó ní kí ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ nínú fídíò. Lẹ́tà ò tó, ó ní ẹnikẹ́ni lè kọ lẹ́tà.

Kò le rárá. Ẹ jókòó síbi tí oòrùn wà, ẹ wojú fóònù, ẹ sọ pé: “Èmi Àbẹ̀bí ni mo sọ Ifábùkọ́lá Ògúnbọ̀wálé ní Eyínfúnjowó.” Ó parí. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ Bertha, wọ́n á kọ orúkọ Bàbá Sheffield síbi tó yẹ.

Ẹ bá mi ṣe é lọ́sẹ̀ yìí.

Ọmọ yín,
Olúdayọ̀


Leeds
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin, 2025

Màámi,

Ẹ kú àárọ̀. Mò ń rí àwòrán òdòdó tí ẹ fi ń kí mi láràárọ̀, tí wọ́n kọ “Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ lónìí” sí. Mo ń ṣe àmín. Fídíò ńkọ́?

Mo ti bi yín títí. Ẹ ní ẹsẹ̀ ń dùn yín. Ẹ ní iná ò sí. Ẹ ní Ọjà'ba dí, ẹ ò ráyè, bẹ́ẹ̀ òwú àti bọ́tìnnì lẹ̀ ń tà, kò sí ẹni tó ń já a gbà lọ́wọ́ yín. Bertha ti kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi. Mo mọ̀ pé Bàbá Sheffield ò wálé nígbà tí bàbá mi kú. Mo mọ̀ pé ó dùn yín. Bó bá jẹ́ pé ìyẹn lẹ̀ ń gbé sínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti kú ò lè wá tọrọ àforíjì mọ́. Ẹ má fi ìyẹn jẹ́ kí wọ́n pè é ní ẹni àìmọ̀.

Ọmọ yín,
Olúdayọ̀


Bẹyẹrúnkà
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin, 2025

Olúdayọ̀,

Mi ò kí ẹ. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fèsì lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé. Ìbínú náà ti rọ̀ díẹ̀ báyìí, àmọ́ kò tíì tán.

Èmi ni mo ń dì í sínú? Ẹni tí ò ní ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ nígbà yẹn, tó jẹ́ pé bó bá jáde ní Sheffield kò ní lè padà wọlé, òun ni màá tún máa bínú sí? Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí a sin bàbá rẹ, ó sunkún títí káàdì fóònù ẹ̀ fi tán. Ta ló sọ fún ẹ? O ò bi mí.

O kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ìwé ọlọ́pàá, o ní kí n kà á síwájú fóònù. Ṣé o ti gbàgbé ilé tí o ti jáde ni? Wo gbogbo ìwé tí mo ti kọ sí ẹ, ṣé o rí orúkọ ẹ̀ níbì kankan? Ṣé o rí ti bàbá rẹ? Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti wà nílé yìí, orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ ò gba ẹnu mi kọjá rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá túfọ̀ ẹ̀ pàápàá, tí mo ń yí nílẹ̀, Eyínfúnjowó ni mò ń ké. O lè ní ayé ti lajú, pé àwọn ìyàwó ìsinsìnyí ń pe ọkọ wọn bí ẹni ń pe ajá. Kí wọ́n máa pè é. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Òkè Padre, mi ò bẹ̀rù pé òrìṣà kankan á mú mi. Ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ tí mo fún un láti kékeré, ṣé nígbà tó wà nínú sàréè tí kò lè bá mi wí ni màá wá gbà á padà?

Ọ̀nà wà níbẹ̀. Bàbá Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa, inú ilé yìí ni wọ́n bí i sí, ó lè pe ẹni tó bá wù ú lórúkọ. Fóònù ẹ̀ dáa ju tèmi lọ. Bẹ̀ ẹ́ kó ṣe fídíò náà.

Mo ti kí ẹ báyìí. Jẹun dáadáa.

Ìyá rẹ


Leeds
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún, 2025

Màámi,

Ẹ dárí jì mí. Ohun tí mo kọ nípa ìsìnkú bàbá mi ò dáa, mo sì ti kẹ́kọ̀ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí o, ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú. Mo pe Bàbá Fákọ́lá, Mọ́gàjí wa, mo ní kí wọ́n bá wa sọ ẹni tó ń jẹ́ Eyínfúnjowó nínú ilé wa. Ó yẹ kí n ti là á yé wọn, mi ò là á yé wọn, mo ṣe bí ẹni pé wọ́n mọ̀. Wọ́n wọ agbádá, wọ́n dé fìlà, wọ́n jókòó sórí àga olórí ẹbí, wọ́n wojú fóònù, wọ́n ní: “Èmi Fákọ́lá ni Eyínfúnjowó. Ìyàwó ilé ń pè mí bẹ́ẹ̀ kí púpọ̀ nínú yín tó dáyé.” Wọ́n wá gbàdúrà fún gbogbo àwọn tó ń gbá géèmù.

Mi ò tíì wò ó dé ìparí tí mo fi fi ránṣẹ́ sí Bertha. Ẹ̀bi mi ni. Ó bi mí pé èèyàn mélòó ló ń jẹ́ orúkọ yìí nínú ilé kan. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ti di ẹni méjì, agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ wọn ò ní gbà kí àwọn kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹnu ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ nìkan ló lè yanjú ẹ̀, kó sì dé kí oṣù kẹfà tó parí, nítorí pé wọ́n máa tẹ páálí géèmù náà lẹ́yìn ìyẹn.

Ó rẹ̀ mí, Màámi.

Olúdayọ̀


Bẹyẹrúnkà
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 2025

Àkànní ọkọ mi,

Dìde, mo ti dárí jì ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Ìgbà tó yá, ẹ̀rín náà gbẹ.

Bàbá Mọ́gàjí ò purọ́. Felicia, ìyálé mi tó ti dolóògbé, òun ló ń pe Bàbá Mọ́gàjí ní Eyínfúnjowó, kí n tó wọ ilé yìí. Orúkọ tí ìyàwó ń wá fún ọkọ ò pọ̀ tó ọkọ fúnra wọn. Akọ̀wé, Adúmáadán, Eyínfúnjowó, orí ẹni tó bá bọ́ sí ló bọ́ sí. Nílé tí ìyàwó bá pọ̀ sí, ẹni méjì ẹni mẹ́ta lè máa jẹ́ ọ̀kan, kálukú mọ ohùn ìyàwó tó ń pe òun. Ta ló máa ń ṣì í? Mo gbàgbé tiẹ̀ pátápátá ni, torí eyín mélòó ló kù lẹ́nu Bàbá Mọ́gàjí tí ń fún ju owó lọ? Má jẹ́ kó gbọ́ o.

Mo lọ bá a. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé fún un. Ó ní àwọn ará Ìlú Ọba ti rí ojú òun, àgbàlagbà bí òun kì í jáde ní gbangba kó tún wá kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ. Mo ní ṣé òun ló kọ géèmù ni? Ó ní òun ò sọ pé òun kọ géèmù, wọ́n bi òun ní ohun tí òun ń jẹ́, òun sì sọ ọ́. Bí a ṣe wà nìyẹn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ni màá pè é. Mo ti rò ó, mo ti sùn lé e, mo ti jí. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ló ń dí mi lọ́nà, ọ̀wọ̀ kan náà ló sì tún ń tì mí síwájú. Àmọ́ mi ò lè dédé jí láàárọ̀ kí n máa pe ọkọ mi lórúkọ nínú yàrá bí olè. Àwọn ọmọ ilé gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i, kí wọ́n sì yọ̀ǹda. Nítorí náà mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìdí Arẹrẹ, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, olórí àwọn ọmọbìnrin ilé wa. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní: “Ojú wo lo máa fi pè é, Àbẹ̀bí?” Ó ní kí n máa lọ sílé.

Mo lọ sílé. Màá tún padà.

Ìyá rẹ,
Àbẹ̀bí


Leeds
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà, 2025

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo gbọ́ lẹ́nu Tẹniọlá, ìyàwó kékeré ilé wa, pé ẹ tún lọ sí Ìdí Arẹrẹ nínú òjò, pé Ìyá Ifáyọ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ò ṣílẹ̀kùn, àti pé ẹsẹ̀ yín ti wú.

Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Àwa mọ̀ pé Bàbá Sheffield ni. Mo ti kọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi láti pe orúkọ náà dáadáa, wọ́n sì mọ ìtàn ẹ̀. Páálí lásán ni. Mi ò lè jókòó síbí kí n gbọ́ pé ìyá mi ṣubú lójú pópó torí géèmù. Màá kọ̀wé sí Bertha lọ́jọ́ Jímọ̀ pé ká gbàgbé ẹ̀.

Ọmọ yín,
Olúdayọ̀


Bẹyẹrúnkà
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà, 2025

Olúdayọ̀,

Má kọ nǹkankan sí Bertha. Mo ní má kọ ọ́.

Páálí lásán, ìwọ lo sọ ìyẹn? Ọmọ èèyàn kú sílùú onílùú, wọ́n sin ín sí ilẹ̀ tí a ò dé, kò bímọ, kò kọ́lé. Ohun kan ṣoṣo tó dá ṣe láyé nìyí, o ní ká jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé a ò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ tó wú á lọlẹ̀.

Fi àwòrán ibi tí orúkọ náà wà ránṣẹ́ sí mi, àti ti géèmù fúnra ẹ̀, bó ṣe ń gun òkè. Fi í ránṣẹ́ lónìí.

Ìyá rẹ


Leeds
Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje, 2025

Màámi mi,

Wọ́n ti kọ ọ́. Mo ní wọ́n ti kọ ọ́! Bertha wo fídíò yín pẹ̀lú ẹni tó ń túmọ̀ èdè, agbẹjọ́rò náà wò ó, kò sí ẹni tó tún ta kò ó. Yóò wà lẹ́yìn páálí, yóò sì wà nínú géèmù fúnra ẹ̀: Eyínfúnjowó lókè bí Bàbá Sheffield ṣe kọ ọ́, àmọ́ pẹ̀lú àmì ohùn ẹ̀ tó pé, Ifábùkọ́lá Ògúnbọ̀wálé nísàlẹ̀. Mo fi àwòrán ẹ̀ sínú lẹ́tà yìí. Kò sí Bob níbì kankan.

Mo rí Ìyá Ifáyọ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, mo sì gbọ́ ohùn Bàbá Fákọ́lá. Báwo lẹ ṣe kó wọn jọ?

Ohun kan ṣoṣo ni Bertha bi mí. Lẹ́yìn tí ẹ sọ orúkọ náà, ẹ dúró, ẹ ò sọ nǹkankan mọ́, ẹ ò sì ní kí wọ́n pa fóònù. Ó pẹ́. Ó ní ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já ni, àbí ohun kan kù tí ẹ fẹ́ sọ tí wọn ò gbọ́. Mo ní màá bi yín.

Ọmọ yín tó ń fi yín yangàn,
Olúdayọ̀


Bẹyẹrúnkà
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù keje, 2025

Olúdayọ̀, Àkànní,

A kú oríire o, gbogbo wa. Mo ti rí àwòrán náà. Mo fi hàn gbogbo Ọjà'ba, títí kan àwọn tí ò béèrè.

Báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí o fi àwòrán géèmù ránṣẹ́, mo gbé e lọ sí Ìdí Arẹrẹ, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìyá náà. Mo ní mi ò wá bẹ̀ ẹ́ lónìí, mo wá fi iṣẹ́ àbúrò ẹ̀ hàn án ni. Ó ṣílẹ̀kùn. Ó gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, ó rí òkè, ó rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ó rí ilé olópòó ńláńlá tó wà ní ṣóńṣó ẹ̀, ó ní Mápó mà nìyí. Lóòótọ́, Olúdayọ̀, Mápó ni. Ìwọ gbá a títí dé òkè, o ò rí i! Ó béèrè pé ṣé àbúrò òun ló ya gbogbo ẹ̀, mo ní òun ni. Ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Ó wá ní wọn ò lè fi àbúrò òun ṣe ẹni àìmọ̀, pé òun máa wá dúró nípò ẹ̀, kí n bẹ òun bí ẹni tó ń bẹ àbúrò òun.

Lọ́jọ́ Àìkú tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, gbogbo ọmọ ilé jáde síwájú ìta. Bàbá Mọ́gàjí ti kọ́kọ́ ní òun ò ní yọjú, àmọ́ nígbà tó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ti dé, ó gbé àga ẹ̀ wá. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ sínú fóònù pé Eyínfúnjowó ti Felicia lòun, òun kọ́ ni ti Àbẹ̀bí. Tẹniọlá ló ń yà á. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ìdí Arẹrẹ, mo tọrọ àforíjì, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní òun yọ̀ǹda. Mo dìde.

Eyínfúnjowó ni mo kọ́kọ́ sọ, mo tún sọ ọ́. Ìyá náà rò pé ẹ̀rù ló gba orúkọ náà lọ́kàn mi, ó ní kí òun kọ́kọ́ pè é kí n tẹ̀lé e. Mo kọ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Láti ọdún wọ̀nyí, kò sí ọjọ́ tí mi ò mọ̀ ọ́n. Mo wá pè é, èyí tí ìwọ gbọ́ yẹn.

Ifábùkọ́lá.

Ọwọ́ mi náà ò kọ ọ́ rí, ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Sọ fún Bertha pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò já, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan tó kù lẹ́nu mi. Nígbà tó wà láyé, kò sí ìgbà tí mo pè é tí kò dá mi lóhùn. Mo pe ọkọ mi lórúkọ, mo sì dúró. Àṣé mò ń retí kó dáhùn ni.

Ìyá rẹ,
Àbẹ̀bí